Ṣé Wọ́n Rẹ́ Okoye Jẹ Lórí Nọ́ńbà 35?

Òǹkàwé kan láti Ìbàdàn kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá mi fẹ́ràn Christian Okoye gan-an ni. Láti kékeré wa ni wọ́n ti máa ń sọ fún wa bí ọmọ Nàìjíríà yìí ṣe ń fi èjìká gbá àwọn òmìrán dànù nídìí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ ra jẹ́sì nọ́ńbà 35 fún wọn nígbà tí wọ́n bá pé 70 ọdún. Àfi bí mo ṣe rí i lórí fóònù pé ẹlòmíràn ló ń wọ 35 ní Kansas City Chiefs, ẹgbẹ́ tí Okoye gbá bọ́ọ̀lù fún. Inú bí mi. Nọ́ńbà 34 Hakeem Olajuwon, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, wà lókè gbọ̀ngàn ní Houston, kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé torí pé Okoye kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe fi tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ṣé mo ṣì lè rí jẹ́sì náà rà báyìí?"

Ẹẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, mo sì mọ ohun tó ń ká yín lára. Lójú yín, bí wọ́n ṣe gbé 35 wọ ẹlòmíràn, wọ́n ti pa ẹni tó mú kí nọ́ńbà náà gbayì rẹ́ kúrò nínú ìtàn, ẹni náà sì wá jẹ́ ọmọ wa. Mi ò ní bá yín wí pé inú bí yín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ojúsàájú lọ, ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ọdún 14 ni mo fi tọ́jú jẹ́sì, akoto àti bàtà àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lẹ́bàá Kansas City níbí, èmi ni mo sì máa ń pín nọ́ńbà fún wọn lọ́dọọdún. Ẹni tó bá pín nọ́ńbà rí ló mọ ìjà tó ń bẹ nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí nọ́ńbà fẹ̀yìn tì. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣe gudugudu méje fún ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà lè kéde pé ẹnikẹ́ni kò ní í wọ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ló sábà máa ń ṣe é, kì í ṣe líìgì. Nínú baseball, gbogbo líìgì ló pawọ́ pọ̀ gbé 42 Jackie Robinson kọ́ ní 1997. Àwọn NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà 6 Bill Russell ní 2022. NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò ṣe irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dá ti ẹ̀ ṣe láti 1935, nígbà tí New York Giants fi nọ́ńbà 1 Ray Flaherty ṣílẹ̀kùn. Dallas Cowboys àti Raiders kì í jẹ́ kí nọ́ńbà kankan fẹ̀yìn tì rárá. Ti Chicago Bears jẹ́ 14. Ti Green Bay Packers, tí wọ́n ti wà láti 1919, kò ju 6 lọ. Nítorí náà, ẹ má wá òfin kan tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ní Chiefs, ìdílé Hunt tó ni ẹgbẹ́ ló ń fọwọ́ sí i. Mi ò bá wọn jókòó ìpàdé rí, ìṣe wọn ni mo wò tí mo fi ń sọ ohun tí mò ń sọ yìí.

Ó wá ku Olajuwon tí ẹ fi wé e. Ọmọ Èkó ni Olajuwon, ọmọ Enugu ni Okoye. Bó bá jẹ́ pé tìtorí wọ́n wá láti òkèèrè ni, Houston Rockets kì bá tí gbé 34 kọ́ ní 2002. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni eré tí wọ́n ń ṣe. Èèyàn 15 ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ máa ń ní, pẹ̀lú àwọn mélòó kan tí wọ́n fi ń lé e. Boston Celtics ti gbé nọ́ńbà tó lé ní 20 kọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń rí èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun. Ti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn 53 ló wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà tí ìdíje bá ń lọ lọ́wọ́, nígbà ìgbaradì oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń tó 90. Nọ́ńbà tó wà nílẹ̀, láti 0 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gbà ní 2023 títí dé 99, jẹ́ 100. Chiefs ti gbé 10 kọ́. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 100, ó ku 90 fún èèyàn 90. Tí wọ́n bá tún gbé ẹyọ kan kọ́, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ dá ju pé kí èèyàn méjì máa wọ nọ́ńbà kan náà nígbà ìgbaradì.

Kì í sì í ṣe nọ́ńbà tó bá wu èèyàn ló lè mú. Olùdarí eré gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù àti ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín nọ́ńbà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ní 1973. Àwọn sàn-án-gun tó ń dí ọ̀nà níwájú kò lè jáde kúrò láàárín 50 sí 79 títí dòní, Chiefs sì ti kó 58, 63 àti 78 kúrò níbẹ̀. Títí di 2021 tí wọ́n tú òfin náà díẹ̀, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré bíi ti Okoye, àárín 20 sí 49 ni tirẹ̀ wà, òun àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sì jọ ń pín in. Nínú 30 yẹn, Chiefs ti gbé 28, 33 àti 36 kọ́. Ẹ wá wo ibi tí 35 bọ́ sí. Lójú èmi tí mo ti pín jẹ́sì, ìdí tó lágbára jù nìyí, kódà kí Okoye jẹ́ ọmọ ọba Kansas City.

Àwọn wo ló ni nọ́ńbà 10 tó ti fẹ̀yìn tì náà? Jan Stenerud, 3. Len Dawson, 16. Emmitt Thomas, 18. Abner Haynes, 28. Stone Johnson, 33. Mack Lee Hill, 36. Derrick Thomas, 58. Willie Lanier, 63. Bobby Bell, 78. Buck Buchanan, 86. Ẹ dúró lórí ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Ọmọ ilẹ̀ Norway ni Stenerud. Eré fífò lórí yìnyín ló bá wá sí Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi ní kó wá máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Chiefs sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ẹ̀sùn pé wọn kì í bọlá fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kò dúró níbí. Ẹnì kan lè sọ pé òyìnbó aláwọ̀ funfun ni Stenerud, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ọmọ Áfíríkà. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo 8 nínú àwọn 10 náà, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ẹgbẹ́ yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ ń wá ọmọ ní àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò yà síbẹ̀. Grambling ni Buchanan ti wá, Morgan State ni Lanier.

Méjì ń bẹ nínú àwọn 10 yìí tí ìtàn wọn máa ń mú omi bọ́ lójú mi. Stone Johnson jẹ́ eléré ìje. Ó dé ìparí ìje 200 mítà ní Òlíńpíìkì Rome ní 1960, ipò karùn-ún ló sì wà. Ní oṣù Kẹjọ 1963, nínú eré ìgbaradì kan ní ìlú Wichita, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ níbi tó ti ń dí ọ̀nà fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án. Ẹni ọdún 23 ni. Kò gbá eré ìdíje gidi kan ṣoṣo fún Chiefs, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wọ 33. Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn ni Mack Lee Hill gbé bọ́ọ̀lù sáré fún àkókò ìdíje méjì péré, orúnkún rẹ̀ yẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1965, wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, kò sì jí mọ́. 36 bá a lọ. Ẹ rí i pé wọn kò fi àmì ayò gbé nọ́ńbà àwọn méjì yìí kọ́. Ẹ̀dùn ọkàn ni. Derrick Thomas náà rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Lóòótọ́, akọni ni, ẹẹ̀meje ló mú quarterback Seattle, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, mọ́lẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo ní 1990, ṣùgbọ́n ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣáájú ikú rẹ̀ ní oṣù Kejì 2000, nígbà tó di 2009 tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé àwọn àgbà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Hall of Fame tó wà ní Canton, ni Chiefs gbé 58 kọ́. Tí ẹ bá ti rí i pé ọ̀fọ̀ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà fẹ̀yìn tì, ẹ ò ní máa fi ẹni tó wà láàyè, tó ń rẹ́rìn-ín, wé wọn bí ẹni pé ìdíje ni.

Okoye ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa rẹ̀, iyì rẹ̀ ò ní tìtorí ẹ̀ dínkù. Kò mọ bọ́ọ̀lù yìí rárá nígbà tó dé Azusa Pacific ní California. Jíju àwo àti irin ló bá débẹ̀. Ìgbà tí Nàìjíríà kò mú un lọ sí Òlíńpíìkì 1984 ló tó yà sídìí bọ́ọ̀lù, ó sì ti pé ẹni ọdún 23 nígbà náà. Ọdún 3 péré lẹ́yìn ìyẹn, Chiefs mú un ní 1987 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun sì ni ẹni 35 tí wọ́n pè lọ́dún náà nínú gbogbo líìgì. Ní 1989, ó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀ 370, ó fi sáré 1,480 yáàdì, kò sì sẹ́ni tó tó o ní NFL lọ́dún yẹn. Ọmọ tí kò gbá a rí títí ó fi dàgbà! Ó wúwo tó bíi kílò 118, ó sì ń sáré bí ẹni tó ń ju àwo. Àwa tá a wà ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà yẹn, a máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, torí bí oníròyìn ṣe ń pè é, bí ẹni ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n wa ló ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n orúnkún kò gbà fún un. Àkókò ìdíje 6 ló ṣe, 4,897 yáàdì, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1993. Lẹ́yìn ẹ̀, Priest Holmes àti Jamaal Charles sáré kọjá ohun tó ṣe fún Chiefs, Charles sì lé ní 7,000 yáàdì. Bí wọ́n bá gbé 35 kọ́, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí 25 Charles àti 31 Holmes? Ẹ tún wo Will Shields, tí kò pa eré kan ṣoṣo jẹ fún ọdún 14, tó sì ti wọ Hall of Fame Canton. Nọ́ńbà 68 rẹ̀ kò sí lára àwọn 10. Bí ẹ bá sì fẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ wo Kabeer Gbaja-Biamila ní Green Bay. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó mú quarterback mọ́lẹ̀ tó o nínú ìtàn Packers, wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn, síbẹ̀ 94 kò fẹ̀yìn tì.

Wọn ò gbàgbé Okoye o. Chiefs gbé orúkọ rẹ̀ wọ ilé àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn ní 2000. Oyè tí wọ́n fi ń dá ẹni ńlá lọ́lá ní Kansas City nìyẹn. Kí nọ́ńbà fẹ̀yìn tì jẹ́ nǹkan mìíràn tó ṣọ̀wọ́n, tó sì máa túbọ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí 15 Patrick Mahomes àti 87 Travis Kelce ń bọ̀ lọ́nà, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ yẹ ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹgbẹ́ gbé e kọ́ na, bó bá dọ̀la kí wọ́n tún gbé e sọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nọ́ńbà 1 Flaherty yẹn gan-an, Giants gbé e sọ̀ fún Malik Nabers ní 2024, lẹ́yìn tí ìdílé Flaherty fọwọ́ sí i. Ní 2012, Frank Tripucka yọ̀ǹda 18 rẹ̀ fún Peyton Manning ní Denver. Lawrence Taylor ti Giants ní tirẹ̀ kò gbà, nígbà tí ọmọ tuntun kan, Abdul Carter, wá bẹ̀ ẹ́ fún 56 ní 2025, ó ní kó lọ sọ nọ́ńbà mìíràn di ńlá. Ní Kansas City níbí, Joe Montana dé ní 1993, 16 ló sì ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti Dawson ni ní Chiefs. Dawson ní kó máa wọ̀ ọ́, Montana kọ̀, ó mú 19. Ìwà àgbà ni àwọn méjèèjì hù. Àmọ́ ẹ rí i pé gbígbé kọ́ tí a tún ń gbé sọ̀ máa ń kó ìnira bá ẹbí ẹni tó ni nọ́ńbà, pàápàá tí ẹni náà bá ti kú, tó wá di pé ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tí èmi fúnra mi rò, inú yàrá jẹ́sì ni mo ti kọ́ ọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, jẹ́sì kan wà nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nọ́ńbà 44. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́. Mo máa ń nu eruku ara gíláàsì náà lọ́jọ́ Friday, àwọn ọmọ á máa kọjá pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, n kò rí ẹyọ ẹnì kan kó dúró kó bi mí pé ta ló ni ín. Ṣùgbọ́n 22 wà lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n kan wọ̀ ọ́, àbúrò rẹ̀ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ọmọ aládùúgbò wọn. Ibì kan wà ní èjìká ọ̀tún rẹ̀ tí òwú ti tú, èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú funfun rán an. Gbogbo ọmọ tó bá gbà á ló máa ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí mo rán yẹn, kó tó wọ̀ ọ́, torí ẹni tó lò ó ṣáájú ti sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Nílé wa, bí Balógun bá wàjà, a kì í ti oyè náà mọ́ inú àpótí. A máa ń fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́, a sì máa ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ṣáájú fún un. Bí mo ṣe rí 35 nìyẹn. Charvarius Ward wọ̀ ọ́ lẹ́yìn Okoye. Jaylen Watson náà wọ̀ ọ́, ọmọ tí yíyan agbábọ́ọ̀lù tuntun ọdún 2022 fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Los Angeles Chargers, ó sì gbé e sá 99 yáàdì lọ sílé. Mo ń wo ẹ̀yìn jẹ́sì náà bó ṣe ń lọ, 3 àti 5, mo sì pariwo orúkọ Okoye nínú pálọ̀ mi. Àwọn ọmọ mi bi mí pé ta ni. Mo jókòó, mo sọ fún wọn. Bó bá jẹ́ pé ara ògiri ni 35 wà lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò bá tí rí ibi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà.

Kì í ṣe pé gbígbé kọ́ kò dára. Lórí Stone Johnson, mi ò mọ ohun mìíràn tí wọn ì bá ṣe. Ohun tó sì ń dùn mí lórí Okoye wà níbòmíràn: eré alẹ́ ọjọ́ kan ní 1990, nígbà tí Steve Atwater ti Denver kọ lù ú tó sì ju ú sẹ́yìn, òun ni wọ́n máa ń gbé jáde jù nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbígbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo lóru ọjọ́ kan! 370 tó gbé ní ọdún tó ṣáájú ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bínú sí.

Ní ti jẹ́sì Bàbá, kò sí ìdíwọ́ kankan. Nọ́ńbà tó ti fẹ̀yìn tì àti èyí tí ẹlòmíràn ń wọ̀, èèyàn lè ra èyíkéyìí. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ nìkan ni òfin náà dè. Ẹ béèrè jẹ́sì àtijọ́, ẹ sọ pé ti Okoye ni ẹ fẹ́, pupa, pẹ̀lú nọ́ńbà funfun tí wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè yí etí rẹ̀ ká. Ẹ má ra èyí tó kàn ní 35 lẹ́yìn láìka orúkọ, torí orúkọ ẹlòmíràn lè wà níbẹ̀, ìjà tuntun á sì bẹ́ lọ́jọ́ ìbí. Ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n rán nọ́ńbà náà mọ́ ọn ni tàbí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ lé e. Èyí tí wọ́n tẹ̀ máa ń sán bí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn fífọ̀ bíi mẹ́wàá, èyí tí wọ́n rán á pẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Aṣọ Amẹ́ríkà máa ń fẹ̀, nítorí náà bí Bàbá bá ń wọ XL ní Ìbàdàn, L lè tó wọn, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀ ọ́ lé bùbá. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí áyọ́ọ̀nù má sì kan nọ́ńbà náà. Ẹ bá mi kí Bàbá kú oríire 70 ọdún.